GBÍGBIN ÒDÒDÓ FUNFUN SÍ OJÚ OÒRÙN NÍ JAKANDE ESTATE, ÌSỌLỌ̀: ÀYẸ̀WÒ ÒDÒDÓ OLÓKÌTÌ ÀTI ÈYÍ TÍ Ó LÈ DÍPÒ RẸ̀

1.0 Ìfáárà

Nígbà tí Alhaji Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè di gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1979, ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ìjọba rẹ̀ gbájú mọ́ ni kíkọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú fún àwọn ará ìlú tí apá wọn kò ká ilé ńlá. Orí oyè náà ni ó wà títí di òpin ọdún 1983, àwọn ilé tí ó kọ́ sí oríṣiríṣi agbègbè Èkó sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti di olóògbé láti oṣù Èrèlé ọdún 2021. Jakande Estate ti Ìsọlọ̀, tí ó wà lẹ́bàá Òkè-Àfà ní agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ilé alájà ni àwọn búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń gbé inú búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo, ilẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù láàrin búlọ́ọ̀kù kan sí èkejì kì í sì í ṣe ti ẹnì kan. Ohun tí ẹnì kan bá gbìn síbẹ̀, ojú gbogbo aládùúgbò ni yóò máa wò ó, ọmọ gbogbo aládùúgbò ni yóò sì máa fọwọ́ kàn án.

Òdòdó funfun jẹ́ ohun tí ó wu ọ̀pọ̀ ènìyàn láti gbìn sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láàrin Yorùbá, àwọ̀ funfun kì í ṣe àwọ̀ lásán. Òun ni àwọ̀ àlà, òun ni a fi mọ Ọbàtálá, òun sì ni àmì ìwà mímọ́ àti ìfọ̀kànbalẹ̀. Nínú àwọn òdòdó funfun tí àwọn olùfẹ́ ọgbà ń yìn káàkiri ayé lóde òní, ọ̀kan ni èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Echinacea purpurea, pàápàá jù lọ irú rẹ̀ tí kì í ga. Wọ́n ń yìn ín pé ó fẹ́ràn oòrùn, pé kò fẹ́ omi púpọ̀, àti pé bí wọ́n bá gbìn ín lẹ́ẹ̀kan, yóò máa padà wá ní ọdọọdún. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìyìn yìí ní Ìsọlọ̀, níbi tí oòrùn kò ti wọ́n, lè rò pé ilé ni òdòdó náà yóò bá ara rẹ̀.

Ète iṣẹ́ yìí ni láti ṣe àyẹ̀wò bóyá èrò yẹn tọ̀nà. Àlàyé yóò kọ́kọ́ wáyé lórí ohun tí òdòdó náà jẹ́ gan-an àti àwọn ìbátan rẹ̀ tí Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́. Lẹ́yìn èyí ni àyẹ̀wò yóò bá oòrùn, òjò àti ilẹ̀ Ìsọlọ̀, kí ó tó kan ìdí tí òdòdó náà kì í fi í ṣe dáadáa níbẹ̀, òdòdó funfun mìíràn tí ó lè dípò rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbìn ín, àti ewu tí ó wà nínú rẹ̀.

2.0 Òdòdó Olókìtì àti Àwọn Ìbátan Rẹ̀

2.1 Orúkọ àti ìrísí rẹ̀

Àríwá Amẹ́ríkà ni orírun Echinacea purpurea, ní àwọn pápá àti etí igbó tí ó wà ní àárín gbùngbùn àti ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Linnaeus ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún 1753, tí ó sì kà á mọ́ àwọn ewéko tí ń jẹ́ Rudbeckia. Ní ọdún 1794 ni Moench yà á sọ́tọ̀ tí ó sì fún un ní orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní. Inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú orúkọ náà, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún ẹranko kékeré kan tí ẹ̀gún bo ara rẹ̀ bíi ti òòrẹ̀. Ìdí ni pé àárín òdòdó yìí ga sókè bí òkìtì, ó sì ní ṣóńṣó tí ó le tí ó sì ń gún ọwọ́. Nítorí ìrísí yìí ni iṣẹ́ yìí yóò ṣe máa pè é ní òdòdó olókìtì.

Àwọ̀ tí a bí i mọ́ ni èyí tí ó wà láàrin pupa àti àlùkò. Yíyàn ni àwọn olùtọ́jú irúgbìn yan èyí tí ó funfun láàrin wọn, tí wọ́n sì ń tọ́ ọ láti ìran dé ìran. Ọ̀kan nínú àwọn irú funfun tí ó pẹ́ lójú ọjà ni ‘White Swan’, tí ó lè ga tó 60 sí 90 sẹ̀ǹtímítà. ‘PowWow White’ jẹ́ èyí tí wọ́n dìídì tọ́ kí ó má baà ga, tí ó sì sábà máa ń dúró ní nǹkan bí 40 sí 60 sẹ̀ǹtímítà. Irú kúkúrú yìí ni ó yẹ ọgbà kékeré, nítorí pé kò nílò ọ̀pá ìgbéró, afẹ́fẹ́ kì í sì í tètè dá a.

2.2 Ìdílé rẹ̀

Ohun tí ojú rí bí òdòdó kan ṣoṣo lára òdòdó olókìtì kì í ṣe òdòdó kan. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òdòdó kéékèèké ni ó pé jọ sórí ibùjókòó kan, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe ń gbé inú búlọ́ọ̀kù kan. Àwọn tí ó wà lórí òkìtì àárín ni ó ń so èso. Àwọn tí ó tẹ́ ewé funfun sílẹ̀ yí wọn ká kì í so. Iṣẹ́ tiwọn ni láti fi ẹwà pe oyin àti labalábá wá sórí àwọn tí ó ń so. Ìṣètò yìí ni àmì ìdílé tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Asteraceae.

Ìdílé yìí kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Ewúro wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yánrin, èbòlò, yúnyun, imí eṣú, awẹ́rẹ́pèpè àti ewé akíntọ́lá. Ẹni tí ó bá já òdòdó imí eṣú tàbí ti awẹ́rẹ́pèpè tí ó sì tú u wò fínnífínní yóò rí i pé òdòdó kéékèèké ni ó kún inú rẹ̀. Èyí tí ó tilẹ̀ jọ òdòdó olókìtì funfun jù lọ ní ìrísí ni Tridax procumbens, ewéko tí ń rákò lẹ́bàá ògiri àti ojú ọ̀nà ní Èkó, tí àwọn tí ń sin ehoro sì máa ń já fún wọn jẹ. Àárín òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ewé òdòdó rẹ̀ díẹ̀ sì funfun yí i ká. Òun náà ti Amẹ́ríkà wá, ṣùgbọ́n apá ibi tí ó móoru níbẹ̀ ni tirẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni kókó ohun tí ó ń bọ̀ níwájú.

Ohun kan tún yẹ ní àkíyèsí. Nínú gbogbo àwọn orúkọ tí a kà sókè yìí, kò sí èyí tí a fún ewéko nítorí ẹwà òdòdó rẹ̀. Ewé ni Yorùbá fi ń mọ ewéko, ìwúlò ewé náà fún oúnjẹ tàbí fún egbòogi ni a sì fi ń rántí rẹ̀. Gbígbin ewéko nítorí òdòdó rẹ̀ nìkan jẹ́ àṣà tí ó gbilẹ̀ nígbà tí ilé ìjọba, ilé ìwé àti ilé ìjọsìn oníbodè òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní ìlú. Nítorí náà, ìmọ̀ nípa rẹ̀ sábà máa ń ti inú ìwé ilẹ̀ òtútù wá, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó bá ilẹ̀ yìí mu.

3.0 Oòrùn, Òjò àti Ilẹ̀ Ìsọlọ̀

Ìsọlọ̀ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́fà ààbọ̀ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ibi tí ó wà yìí ni ó fà á tí gígùn ọjọ́ kì í fi í yí padà púpọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Òkúdu, tí ọjọ́ gùn jù lọ, láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 30. Ní oṣù Ọ̀pẹ, tí ọjọ́ kúrú jù lọ, ó jẹ́ nǹkan bí wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 45. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì kò pé wákàtí kan. Ooru pẹ̀lú kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀sán sábà máa ń wà láàrin ìwọ̀n Celsius 28 sí 33, òru kì í sì í sábà lọ sílẹ̀ ju 20 lọ, àní nígbà ọyẹ́ pàápàá.

Òjò ni ó ń pín ọdún. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Ẹrẹ́nà, ó ń le jù lọ ní oṣù Òkúdu, ó ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Ògún, ó tún ń padà ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé láti oṣù Bélú títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Àpapọ̀ òjò náà lọ́dún máa ń tó 1,500 mìlímítà tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń rọ̀ láàrin oṣù díẹ̀, ìyẹn ni pé ilẹ̀ tí ó rọ̀ bí ẹrẹ̀ ní oṣù Òkúdu lè le bí òkúta ní oṣù Ṣẹ́rẹ́.

Ní ti ilẹ̀, àárín ilé ní ìlú ńlá kì í ṣe oko. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ǹtì tí ó ti gan àti yanrìn tí àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀ sábà máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì a máa sọ ilẹ̀ di èyí tí àwọn ewéko kan kò lè rí irin fà mu nínú rẹ̀, bí irin náà tilẹ̀ wà níbẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé ewé tuntun yóò máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nígbà tí iṣan rẹ̀ ṣì dúdú fún àwọ̀ ewé. Bákan náà, ibi tí ilẹ̀ bá ti dẹ̀ sí ìhà gọ́tà, omi a máa dá dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn òjò.

4.0 Ìdí tí Òdòdó Olókìtì kì í fi í ṣe Dáadáa níbẹ̀

Ìdí mẹ́ta ni ó ṣe kókó.

Èkínní ni òtútù. Àwọn ewéko kan wà tí ọdún kan ni òpin ayé wọn, bí àgbàdo. Àwọn mìíràn wà tí ń gbé ọ̀pọ̀ ọdún, bí ewúro. Òdòdó olókìtì wà nínú àwọn elékejì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń gbà pẹ́ jọ ti iṣu ju ti ewúro lọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ewé iṣu a gbẹ, ara iṣu a sinmi nínú ilẹ̀, a sì tún hù nígbà tí àkókò bá tó. Òtútù ni ó ń gbẹ ewé òdòdó olókìtì ní tirẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ a sinmi nínú ilẹ̀ dídì fún oṣù bíi mélòó kan, a sì fi agbára tuntun hù nígbà tí ilẹ̀ bá móoru. Ìsinmi yìí ni wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n bá ní ó ń padà wá ní ọdọọdún. Ní Ìsọlọ̀, kò sí òtútù tí yóò sọ fún un pé kí ó sinmi. Irúgbìn rẹ̀ pàápàá sábà máa ń hù dáadáa bí ó bá ti kọ́kọ́ wà nínú òtútù àti ọ̀rinrin fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Èkejì ni gígùn ọjọ́. Àwọn ewéko mọ iye wákàtí tí ìmọ́lẹ̀ fi wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń dúró de iye kan kí wọ́n tó yọ òdòdó. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá mọ èyí láìka ìwé. Ìṣápá tí wọ́n gbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò yóò máa yọ ewé fún oṣù púpọ̀, ìgbà tí ọjọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú ni yóò tó tanná. Ewédú tí wọ́n gbìn ní ẹ̀ẹ̀rùn a sì máa tètè yọ òdòdó kí ewé rẹ̀ tó pọ̀. Ọjọ́ kúkúrú ni àwọn wọ̀nyí ń dúró dè. Òdì kejì wọn ni òdòdó olókìtì. Ọjọ́ tí ó gùn tó wákàtí 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ń mú un tanná dáadáa, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò sì sí ní Èkó ní oṣù kankan. Àwọn Yorùbá tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọjọ́ ti ń ju wákàtí 16 lọ ní oṣù Òkúdu, lè gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé láìṣe wàhálà kankan. Ẹni tí ó bá fi oòrùn Èkó wé ti Lọ́ńdọ̀nù yóò sọ pé ti Èkó ni ó le jù. Òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n líle oòrùn yàtọ̀ sí pípẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀run.

Ẹ̀kẹta ni omi ìsàlẹ̀. Gbòǹgbò òdòdó olókìtì kò fẹ́ kí omi dá dúró yí i ká. Òjò oṣù Òkúdu, nínú ilẹ̀ tí ó móoru, lè mú kí ọrùn gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà kí ó tó rí ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹnì kan lè bi í pé ṣé kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i. Ọgbọ́n wà. Olùgbìn lè fi irúgbìn sínú yanrìn tútù, kí ó gbé e sínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ó gbìn ín sórí ebè gíga, kí ó sì tan iná mànàmáná sí i lálẹ́ fún wákàtí mélòó kan láti fi kún ọjọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó ṣírò ohun tí èyí yóò ná an. Fíríìjì àti gílóòbù ń fẹ́ iná tí kì í dá, irúgbìn láti òkè òkun ń fẹ́ owó, ewéko náà kò sì ní í fi bẹ́ẹ̀ ju ọ̀gbìn ọlọ́dún kan lọ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Gbígbé e lọ sí Jos, tí ó ga tó nǹkan bí 1,200 mítà tí òru rẹ̀ sì tutù, kò yanjú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ọjọ́ Jos pàápàá kò gùn tó bẹ́ẹ̀.

5.0 Òdòdó Funfun tí ó Lè Dípò Rẹ̀

Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí olùgbìn ń fẹ́ ni òdòdó funfun, tí kì í ga, tí ó fẹ́ràn oòrùn, tí ó sì ń gbé ju ọdún kan lọ, Catharanthus roseus ni ó bá ìbéèrè náà mu jù lọ ní Èkó. Vinca ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ta òdòdó ń pè é. Erékùṣù Madagásíkà ni ó ti wá. Linnaeus sọ ọ́ ní Vinca rosea ní ọdún 1759, George Don sì fún un ní orúkọ tí ó ń jẹ́ báyìí ní ọdún 1837. Ìdílé rẹ̀ yàtọ̀ sí ti òdòdó olókìtì. Kò ní òkìtì láàrin, ewé òdòdó márùn-ún péré ni ó sì ní. Èyí tí ó funfun pátápátá wà, èyí tí ó funfun tí ó sì ní ojú pupa láàrin náà wà.

Ìdí mẹ́ta kan náà tí ó ṣe òdòdó olókìtì ní ibi ni ó ṣe eléyìí ní oore tàbí tí kò kàn án. Kò bèèrè òtútù, kódà òtútù líle ni ó ń pa á. Kò dúró de ọjọ́ gígùn kí ó tó tanná, nítorí náà kò sí oṣù tí a kì í rí òdòdó lára rẹ̀ ní ilẹ̀ tí ó móoru. Ní ti omi, ó lè fara da ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n òun náà kò fẹ́ ẹrẹ̀. Níbi yìí nìkan ni òun àti òdòdó olókìtì ti jọ ní àléébù, orí rẹ̀ sì ni iṣẹ́ olùgbìn wà. Àwọn irú kúkúrú tí wọ́n tọ́ fún ọgbà kì í sábà ju 30 sí 40 sẹ̀ǹtímítà lọ.

6.0 Ọ̀nà Gbígbìn àti Ìtọ́jú

6.1 Àkókò

Ìsinmi òjò ní oṣù Ògún ni ó dára jù láti gbin irúgbìn sínú ike tàbí páànù tí wọ́n dá ihò sí nídìí. Irúgbìn náà kéré, ó sì dúdú. Òkùnkùn ni ó fi ń hù dáadáa, nítorí náà wọ́n máa ń bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bò ó, wọn a sì fi nǹkan dé orí rẹ̀ títí yóò fi yọrí, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ní kété tí ó bá ti yọrí, ó gbọ́dọ̀ rí ìmọ́lẹ̀. Ní àárín tàbí ìparí oṣù Ọ̀wàrà, nígbà tí òjò ńlá bá ti ń káṣẹ̀ nílẹ̀, ó tó lọ́ sí ojú ebè. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbà tí ọyẹ́ bá ń gbẹ koríko ni òdòdó funfun rẹ̀ yóò kún ilẹ̀. Ẹni tí ó bá gbìn ín ní oṣù Èbìbí ń gbé e fún òjò oṣù Òkúdu kí gbòǹgbò rẹ̀ tó lágbára.

6.2 Ilẹ̀

Ebè ni kí wọ́n kọ, kí ó ga tó 20 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán, kí omi lè ṣàn kúrò nídìí rẹ̀. Kí wọ́n ṣa àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì kúrò pátápátá, nítorí pé ewéko yìí fẹ́ ilẹ̀ tí ó kan díẹ̀, ó sì máa ń tètè pọ́n léwé níbi tí sìmẹ́ǹtì bá ti pọ̀. Ajílẹ̀ tí ó ti jẹrà dáadáa ni kí wọ́n pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tútù kò dára, ó lè jó gbòǹgbò. Ajílẹ̀ tí ó bá sì pọ̀ jù yóò mú kí ewé pọ̀ ju òdòdó lọ. Àlàfo 25 sí 30 sẹ̀ǹtímítà láàrin ọ̀kan sí èkejì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà gbà.

6.3 Omi

Ní ilé alájà, omi kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣòfò. Ibi tí ẹ̀rọ omi kò bá ti yọ, ọwọ́ mẹ́rúwà ni wọ́n ti ń rà á. Àǹfààní ewéko yìí ni pé lẹ́yìn tí ó bá ti mú ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn ti tó o. Omi tí wọ́n fi ṣan ẹ̀fọ́ tàbí èso lè ṣe é. Omi ọṣẹ kò dára fún un. Ìdí rẹ̀ ni kí wọ́n da omi sí, ní àárọ̀, kì í ṣe orí ewé rẹ̀ ní àṣálẹ́. Àrùn tí ó ń pa á jù lọ, tí àwọn irú ẹ̀dá bíi ebu tí ń jẹ́ Phytophthora ń fà, inú ọ̀rinrin ni ó ti ń gbilẹ̀. Ẹ̀ka yóò dúdú, yóò rọ, ewéko náà yóò sì ṣubú láàrin ọjọ́ díẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti mú un, yíyọ ni kí wọ́n yọ ọ́ kúrò; bíbu omi sí i láti fi wò ó sàn ni ó máa ń parí iṣẹ́ tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀.

6.4 Pípa àwọ̀ funfun mọ́

Ewéko yìí kì í pẹ́ bí ìrókò. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, ìdí rẹ̀ a di igi, òdòdó rẹ̀ a sì dín kù. Ṣùgbọ́n ó máa ń so èso tín-ín-rín méjì méjì tí ó ń la fúnra rẹ̀ tí ó sì ń fọ́n irúgbìn ká, nípa bẹ́ẹ̀ ọmọ a máa gba ipò ìyá. Ohun tí a pè ní ọgbà ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní Èkó nìyí: ìran kan ń lọ, ìran kan ń bọ̀, ilẹ̀ kò sì ṣófo. Bí aláwọ̀ pupa bá wà nítòsí, ó lè bá funfun dà pọ̀, kí àwọn ọmọ sì pọ́n. Nítorí náà, kí olùgbìn fa èyí tí ó bá pọ́n tu ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó bá tanná. Gígé orí ẹ̀ka nígbà tí ó wà ní kékeré yóò sì mú kí ó tàn kálẹ̀ dípò kí ó máa ga.

7.0 Ewu àti Ẹ̀kọ́ Òkè-Àfà

7.1 Oró inú ewé

Kò sí apá kan lára Catharanthus roseus tí ó ṣe é jẹ. Oró wà nínú ewé, nínú igi àti nínú gbòǹgbò rẹ̀. Oró náà ni ó di oògùn lọ́wọ́ àwọn onímọ̀: ní ọdún 1958, Robert Noble àti Charles Beer ní Kánádà kéde pé àwọn ti rí vinblastine nínú rẹ̀, ohun tí ó sì fà á tí wọ́n fi ń yẹ ewéko náà wò ni pé àwọn ènìyàn ń lò ó fún àtọ̀gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí vincristine, tí ó di ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí a fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé káàkiri ayé. Ìtàn yìí kì í ṣe àṣẹ fún ẹnikẹ́ni láti já ewé náà sínú ìkòkò àgbo. Ìwọ̀n tí ó ń wo àìsàn àti èyí tí ó ń pa ènìyàn kò jìnnà sí ara wọn, ilé ìwòsàn nìkan ni ó sì ní ohun èlò tí a fi ń yà wọ́n. Ní àárín búlọ́ọ̀kù tí ọmọdé pọ̀ sí, ó tọ́ kí gbogbo ìdílé mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó gbìn ín, kí ebè rẹ̀ sì jìnnà sí ibi tí wọ́n gbin ewédú tàbí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí.

7.2 Òdòdó tí ó bo omi

Ní Òkè-Àfà, ọ̀rọ̀ òdòdó àjèjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2002, ilé ìkó-ohun-ìjà-sí tí ó wà ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà gbiná, àdó olóró sì ń bú gbàmù lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ènìyàn sá jáde nínú òkùnkùn láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ̀mí tí ó lọ lé ní ẹgbẹ̀rún kan, púpọ̀ nínú wọn, tí ọmọdé pọ̀ láàrin wọn, ni ó sì kú sínú omi kànáà Òkè-Àfà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìròyìn ìgbà náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ewéko ti bo ojú omi náà, tí àwọn tí ń sá bọ̀ fi rò pé ilẹ̀ ni.

Ewéko náà ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Eichhornia crassipes. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá, òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò ni ó sì jẹ́ kí àwọn olùfẹ́ ọgbà máa gbé e láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Àwọn ọdún 1980 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú omi Èkó àti Bàdágírì kan. Àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé e kúrò ní ilé rẹ̀ kò ní ibi lọ́kàn. Ẹwà ni wọ́n rí, wọn kò sì bèèrè ohun tí yóò dà ní ilẹ̀ tí òtútù tàbí ọ̀tá àdáyébá kò ti ní í dá a dúró.

Èyí ni ó fi hàn pé ìbéèrè méjì ni ó yẹ kí a bi òdòdó àjèjì èyíkéyìí. Èkínní ni pé: ṣé yóò yè níbí? Èkejì, tí ọ̀pọ̀ kì í bi, ni pé: bí ó bá yè ju bí a ti fẹ́ lọ ńkọ́? Òdòdó olókìtì kùnà nínú ìbéèrè kìn-ín-ní. Vinca yege nínú rẹ̀. Ní ti èkejì, ó máa ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá ògiri àti ní ilẹ̀ yanrìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé lásán lè fà á tu, kì í sì í léfòó lórí omi. Síbẹ̀, kò dára kí wọ́n da ẹ̀ka tàbí irúgbìn òdòdó kankan sínú gọ́tà, nítorí pé kànáà ni gọ́tà ń ṣàn lọ.

Wọ́n sin ọ̀pọ̀ nínú àwọn olóògbé náà sí Òkè-Àfà, ibẹ̀ sì ni ọwọ̀n ìrántí wọn wà. Ọjọ́ 27 oṣù Ṣẹ́rẹ́ máa ń bọ́ sí àárín ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ tí òdòdó tútù sì wọ́n. Ebè funfun tí wọ́n gbìn ní oṣù Ọ̀wàrà yóò wà lójú òdòdó ní ọjọ́ náà láìní omi púpọ̀. Bí àwọn olùgbé bá ń wá ìdí kan tí ó ju ẹwà lọ láti fi gbin òdòdó funfun sí agbègbè yìí, kò pọn dandan kí wọ́n wá a jìnnà.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé ìyìn tí wọ́n ń fún òdòdó olókìtì funfun, pé ó fẹ́ràn oòrùn àti pé ó ń padà wá lọ́dọọdún, jẹ́ òótọ́ ní ilẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ òótọ́ ní Ìsọlọ̀. Òtútù tí ó ń fún un ní ìsinmi kò sí níbẹ̀, ọjọ́ gígùn tí ó ń mú un tanná kò sí níbẹ̀, òjò tí ó ń rọ̀ sì ń jẹ gbòǹgbò rẹ̀. Ó ti fi hàn bákan náà pé Catharanthus roseus funfun lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí òdòdó olókìtì ṣe, bí wọ́n bá gbé e sórí ebè gíga, bí wọ́n bá gbìn ín ní ìparí òjò, bí wọn kò bá sì fi oró rẹ̀ ṣeré.

Yàtọ̀ sí èyí, àyẹ̀wò náà fi hàn pé ìmọ̀ ewéko ṣe é sọ ní èdè Yorùbá láìsí ìdíwọ́. Ìṣápá, ewédú àti iṣu ti kọ́ àgbẹ̀ ní ohun tí àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rọ wádìí nípa gígùn ọjọ́ àti ìsinmi gbòǹgbò. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilẹ̀ àárín búlọ́ọ̀kù ní Jakande Estate kò tóbi, ṣùgbọ́n gbogbo ìdílé tí ó yí i ká ni ó ni ín. Ó tọ́ kí wọ́n jọ pinnu ohun tí yóò hù níbẹ̀, kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa kí wọ́n tó gbìn ín.